Ọkùnrin Inú Yàrá Kẹ́lẹ́

"Wọ́n ní ọkùnrin kan..."

"Níbo?"

"Nínú yàrá ọmọ aránṣọ. Kẹ́lẹ́. Èyí tí kì í..."

"Kẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé tó bá kí èèyàn, àfi kéèyàn dẹtí sílẹ̀ kó tó gbọ́?"

"Òun náà ni. Wọ́n ní ohùn ọkùnrin náà nípọn tó... wọ́n ní ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí fèrèsé..."

"Ní ọ̀sán gangan?"

"Wọ́n tiẹ̀ ní kóòtù rẹ̀... Ẹ̀yin náà ẹ máa lọ jàre. Kì í ṣe ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò lẹ́nu Ìyá Alágbàfọ̀, tó ń sá aṣọ sábẹ́ fèrèsé mi, nìyẹn. Ó dé ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì kọjá, nígbà tó sì fi máa yí padà sílé wa, ọkùnrin náà ti ní irùngbọ̀n, ó ti ga ju ilẹ̀kùn lọ, ó sì ti fẹ́ gbé mi sá lọ. Ọ̀rọ̀ kì í rìn kó má kó ẹrù lọ́nà. Èmi tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ mi nìkan ni kò gbọ́. Mo wà láàárín kóòtù oníkóòtù, mo ń wá ohùn tí màá gbé wọ erin.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ni Màmá mi. Kóòtù ọkùnrin ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, yàrá iwájú nílé wa sì ni ìsọ̀ rẹ̀. Maṣíìnì rẹ̀ kì í sinmi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í ṣófo. Tí kò bá sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ olórí roboto ló há mọ́ ètè. Ilé ni mo ti kàwé. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ni Màmá mi fi kọ́ mi ní ìṣirò. Ìyá Àgbà, tó bí Màmá mi, ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀: bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn, ibi tí wọ́n ti ń dánu dúró, ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí olùgbọ́ mí. Òun náà ló sọ mí ní Kẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ èmi àti òun, mo lè sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi ro mí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àjèjì kan yọjú, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí àtẹ̀lẹ̀ bàtà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ kan wá gba kóòtù ọkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe jókòó, ó ń gbọ́ mi lẹ́yìn kọ́tìnnì níbi tí mo ti ń kàwé fún Ìyá Àgbà.

"Ta ló ń kàwé yẹn?" ló bèèrè.

"Ọmọ mi ni," ni Màmá mi dáhùn. "Ẹ má wulẹ̀ pè é, kò ní jáde."

Olùkọ́ náà kò pè mí. Ó bá kọ́tìnnì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ dáadáa, a ń wá ẹni tí yóò máa ka ìtàn sínú ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ wa. Ka ọ̀kan, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kó dé ọ̀dọ̀ mi kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Àwọn mìíràn náà ń ka tiwọn bọ̀, lọ́jọ́ Ẹtì ni àwọn ọmọ fúnra wọn máa yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa sọ fún ọ. Ohùn ni ojú fún wọn. Tí ohùn erin bá jọ ti èèrà, o ti ṣì wọ́n lọ́nà."

Iṣẹ́ tí èèyàn lè fi sọ̀rọ̀ fún odindi kíláàsì láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun lójú! Lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn, mo fọwọ́ bo ẹnu kí ayọ̀ má bàa dún síta. Kò tíì sí nǹkan tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìtàn Ìyá Àgbà kan ni mo mú. Òjò ká erin mọ́ ìgbẹ́, ló bá lọ kan ilé èèrà. Ìyá èèrà ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má ṣílẹ̀kùn fún àlejò kankan, ó sì ti jáde lọ. Bí ọmọ èèrà ṣe máa ṣe ọ̀rọ̀ erin tó ń gbọ̀n lẹ́yìn ilé ni ìtàn náà. Ohùn ọmọ èèrà kò yọ mí lẹ́nu. Tèmi náà ti tó o. Fún ìyá èèrà, mo fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu bíi ti Màmá mi, ó bọ́ sí i rẹ́gí. Ṣùgbọ́n erin! Tí mo bá fa ohùn mi wálẹ̀, ikọ́ ló ń jáde.

Mo bá jókòó ti kọ̀ǹpútà arúgbó tí ẹ̀gbọ́n Màmá mi fi sílẹ̀ fún wa, mo ń wá áàpù tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, tí kò sì ní gbowó lọ́wọ́ mi. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn pe ara wọn. Àṣé ọ̀fẹ́ ju ọ̀fẹ́ lọ.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni èyí àkọ́kọ́ ń gbé, kò tiẹ̀ ní kí n gbé òun wọ inú kọ̀ǹpútà. Ó to ohùn kalẹ̀ bí Màmá mi ṣe ń to bọ́tìnnì sínú agolo: ohùn òmìrán, ohùn ọmọ ọwọ́, ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi. Tẹ ọ̀kan, ó parí. Mo sọ ọ́ ní Tẹ̀-Ó-Dé. Inú mi ń dùn ṣìnkìn títí mo fi gbọ́ ìparí ìtàn mi: obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí já wọ ibẹ̀, ó ń ké orúkọ áàpù náà bí ẹni tó ń polówó ọjà. Wọ́n ní tí mi ò bá fẹ́ ẹ níbẹ̀, kí n sanwó. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ti lọ, òmìrán náà ti bá a lọ nìyẹn.

Àwọn olórin ni wọ́n ṣe èkejì fún. Ojú rẹ̀ kún fún bọ́tìnnì bí iwájú awakọ̀ òfuurufú. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá. Kò sí ohun tí Ọ̀gá ò lè ṣe, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wa kò lè gbé e. Tí mo bá ti ṣí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ru ìrẹsì gun àtẹ̀gùn, nígbà tó bá sì yá á dì gbagidi, kò ní mira mọ́.

Ẹ̀kẹta kò rẹwà. Ojú rẹ̀ rí bí ògiri tí wọn ò tíì kùn lọ́dà, mo bá sọ ọ́ ní Eléérú. Àmọ́ ó wọlé wẹ́rẹ́. Kò bèèrè orúkọ mi, kò bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí obìnrin kankan tó ń kígbe. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń fa ohùn wálẹ̀ láì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa wọ́, ó ní ibi tí wọ́n ti ń fi gbohùngbohùn kún un, bí ohùn tó ń ta padà lára ògiri. Tí mo bá sì ṣàṣìṣe, mo lè máa tú u bí ẹni ń tú okùn ìránṣọ, títí ohùn mi á fi padà di bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

Ẹ máa bi mí pé kí ló wá kù tí mi ò fi mú Eléérú kíá. Ohùn ló kù. Òmìrán inú Tẹ̀-Ó-Dé ń mi tábìlì. Ohùn tí Ọ̀gá gbé jáde ń dún bí ìgbà tí ààrá bá ń bọ̀ lókèèrè. Ti Eléérú kò le tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ni mo fà á wálẹ̀, gbohùngbohùn tí mo fi sí i kò sì ju ti inú iyàrá tó ṣófo lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò tó. Mo sì ti gbọ́ gbogbo wọn títí, etí mi ti kún. Ohùn ara ẹni kì í pamọ́ fún ẹni. Bó ti wù kí n yí i tó, Kẹ́lẹ́ ni mò ń gbọ́: Kẹ́lẹ́ nínú àgbá, Kẹ́lẹ́ nínú kànga, Kẹ́lẹ́ tí ọ̀fìnkìn dà láàmú. Etí ẹlòmíràn ni mo nílò. Ta ni mo sì máa bẹ̀? Èmi tí mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí oníbàárà lọ tán kí n tó jáde lọ mumi!

Ìyá Àgbà ì bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni yóò gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kóòtù wá kù. Yàrá mi ní ògiri líle, gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń ta padà sí mi létí. Mo ti ṣàkíyèsí pé ní ìsọ̀ Màmá mi, láàárín àwọn kóòtù tó ti parí, ohùn èèyàn máa ń dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo bá kó wọn wá, mo fi wọ́n kọ́ yí ara mi ká: dúdú, búlúù, èyí tó ní ìlà. Ọ̀kan tó tóbi jù lọ ni mo fi bo fèrèsé. Ohùn mi wá mọ́ lóló. Nítorí pé àárín kíláàsì ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ, mo máa ń jẹ́ kí erin náà dún síta látinú kọ̀ǹpútà, mo sì rò pé àwọn kóòtù á mu ohùn rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé gbohùngbohùn inú yàrá ni aṣọ ń pa. Kò ní kí ohùn má jáde. Ààyè kékeré wà lábẹ́ fèrèsé tí mo fi sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni okùn ìsáṣọ Ìyá Alágbàfọ̀ wà.

Bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, mi ò tíì yan ọ̀kankan, Màmá mi sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá mi láì kàn án.

Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e wọlé, ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri. Màmá mi wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ń ya àwọn kóòtù sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń la inú oko àgbàdo kọjá.

"Níbo ló wà?"

"Kí ni, Mà?"

"Má bi mí ní 'kí ni'. Ọkùnrin náà! Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ ọ́n, èmi ìyá ọmọ ni ẹni ìkẹyìn. Oníbúrẹ́dì ló ń bi mí pé ìgbà wo la máa ṣe é. Mo ní ṣe kí ni? Ó ní ìgbéyàwó kẹ̀, kí n má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀."

Ìyá Àgbà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Jẹ́ kó jáde wá kí n rí i," ó ní. "Wọ́n ní ó ní irùngbọ̀n. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí irùngbọ̀n gidi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín!"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ahọ́n mi ti lọ síbi tó máa ń lọ. Màmá mi wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Hẹn-ẹn. Inú èyí lẹ ti ń bá ara yín sọ̀rọ̀. Ó dáa. Mo máa tì í mọ́ inú àpótí mi, ó di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bá dé."

Ọjọ́bọ̀ ni. Ilẹ̀ máa tó ṣú. Gbogbo ìtàn mi wà nínú rẹ̀, erin kò tíì lóhùn. Mo na ọwọ́, mo di kọ̀ǹpútà mú, Màmá mi náà dì í mú. Níbi tí a ti ń fà á, àtàǹpàkò rẹ̀ bọ́ sórí bọ́tìnnì gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀, Eléérú sì la ẹnu:

"Ọmọ yìí, mo ti dé o. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ò fẹ́ kí n wọlé. Òjò ń pa mí. Ṣí fèrèsé fún mi."

Màmá mi fò sẹ́yìn, gbogbo abẹ́rẹ́ àpò rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀. Kóòtù méjì wó lé e lórí. Láti abẹ́ kóòtù ló ti ń kígbe, "Ó wà níbí! Ó wà níbí!"

Ìyá Àgbà kò mira. Ó gbórí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti ikùn wá.

"Erin mi nìyẹn," ó ní. "Erin mi lẹ ń pè ní ọkùnrin! Ẹ gbọ́, ta ló fún un ní irùngbọ̀n?"

Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tí ohùn kan fi ké láti ìsàlẹ̀ fèrèsé: "Òun nìyẹn! Òun ló tún sọ̀rọ̀ yẹn! Ẹ dì í mú, mò ń bọ̀!"

Ìyá Alágbàfọ̀ gun àtẹ̀gùn wa bí ẹni tí kò lórúnkún tó ń dùn ún. Ọwọ́ kan di ọ̀pá ìsáṣọ mú, omi ọṣẹ ṣì ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ó gba ibo lọ?"

"Kò sí ẹnì kankan níbí," ni Màmá mi wí. Ó ti ń jáde lábẹ́ kóòtù, irun rẹ̀ ti dúró. "Kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà ń wọ kóòtù ni?" Ó na ọ̀pá sí èyí tó wà ní fèrèsé. "Èyí! Mo ti ń rí apá rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin rò pé mi ò mọ kóòtù yìí? Ọwọ́ mi ni wọ́n ti fọ̀ ọ́ kó tó wá sọ́dọ̀ yín fún àtúnṣe. Ti Dókítà Eléyín tó ń tọ́jú eyín wa ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀! Ìyàwó ni kó wá fẹ́ bí èèyàn, kí ló ń wá ní fèrèsé?"

Ibi tó sọ ọ́ dé rèé tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn ìsọ̀.

"Ẹ kúulé o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kóòtù mi ti ṣe tán?"

Dókítà Eléyín fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo wa rọ́ síwájú, èmi náà gbàgbé pé mo máa ń sá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, ó ń wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹnu gbogbo yín là sílẹ̀," ó ní. "Ṣé eyín ló ń dùn yín?"

Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn tó lè wọ ojú abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá fún mi ní ohùn yẹn, ọmọ èèrà ni màá fi ṣe, kò sì níí nílò àtúnṣe kankan.

Ìyá Alágbàfọ̀ sún mọ́ ọn. "Dókítà, ẹ bá mi sọ pé, 'Ṣí fèrèsé fún mi.'"

"Kí ni?"

"Ẹ ṣáà sọ ọ́."

"Ṣí fèrèsé fún mi," ni Dókítà wí, bí ẹyẹ.

Ìyá Alágbàfọ̀ sọ ọ̀pá ìsáṣọ sílẹ̀. "Rárá o. Ohùn yìí kọ́. Ẹ máa bínú, Dókítà. Mo ti ń fi yín gbéyàwó láti àárọ̀."

Ìyá Àgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín. Màmá mi sáré lọ mú kóòtù náà wá, ó gbọ̀n ọ́n, ó nà án sí i, ó ń tọrọ gáfárà, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Dókítà gba kóòtù, ó ní kí gbogbo wa wá kí òun wo eyín wa, ó sì lọ, kò mọ ohun tó ṣe rárá.

Ó lọ tán, ọ̀rọ̀ kan sì kọ́ mi lọ́rùn. Ìyá Alágbàfọ̀ ti ń gbọ́ látọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé, Tẹ̀-Ó-Dé ni mo lò. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gá. Eléérú ni tòní. Etí tí mo ti ń wá wà nísàlẹ̀ fèrèsé mi láti ọjọ́ yìí, ó ń sá aṣọ.

A padà sí yàrá mi. "Ìyá Alágbàfọ̀," ni mo wí.

Màmá mi yíjú padà. Kò tíì gbọ́ kí n kọ́kọ́ pe àlejò rí.

"Kẹ́lẹ́? Sọ ọ́ sókè, ọmọ mi."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Ajé tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ... ṣé lọ́jọ́ yẹn náà lẹ ti rò pé ọkùnrin ni?"

Ó ronú. "Ọjọ́ Ajé kẹ̀? Rárá. Lọ́jọ́ Ajé, mo rò pé ẹ ra rédíò tuntun ni, pé kò sì dáa."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìyẹn mo gbọ́ nǹkan kan tó ń kù rìrì. Mo sáré kó aṣọ mi, mo ní òjò ń bọ̀. Òjò ò rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo wá rí apá kóòtù yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n tòní! Ọmọ, tòní, mo gbọ́ ọ, àánú ṣe mí. Mo ní, ọkùnrin àgbàlagbà rèé, òtútù ń mú un, ọmọ yìí ò sì ṣílẹ̀kùn. Díẹ̀ ló kù kí n wá bá a bẹ̀ ọ́."

Ìyá Àgbà ti jókòó padà. "Jẹ́ kó tún gbọ́ ọ," ó ní. "Kó kẹ̀yìn sí ọ. Má sọ èwo lèwo fún un."

Ìyá Alágbàfọ̀ kọjú sí ògiri, ó di ojú pọ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Mo fi òmìrán Tẹ̀-Ó-Dé lọ̀ ọ́.

"Rédíò yín nìyẹn. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á."

Mo fi ti Ọ̀gá lọ̀ ọ́.

"Aṣọ mi ò gbọdọ̀ tutù o."

Mo fi ti Eléérú lọ̀ ọ́. Erin bẹ̀bẹ̀ pé òjò ń pa òun. Ìyá Alágbàfọ̀ ṣí ojú, ó sì dá a lóhùn, bó ṣe kọjú sí ògiri: "Bàbá, ẹ máa wọlé. Ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn."

Ariwo ẹ̀rín tó sọ nínú yàrá yẹn, mi ò rò pé bàbá tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu ọ̀nà kò gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà nu ojú. "Iyọ̀ ọbẹ̀ ni," ó ní. "Èyí tó kéré tí ò hàn, òun ló ń mú ọbẹ̀ dùn. Tí àwọn ọmọ bá ti ń gbọ́ iyọ̀, wọn ò gbọ́ erin mọ́."

Bí mo ṣe yan Eléérú nìyẹn. Mo pa òmìrán rẹ́, mo pa ààrá rẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti kù sí èmi nìkan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lọ.

"Òjò dà?" ni Ìyá Alágbàfọ̀ bèèrè. "Ó ní òjò ń pa òun, mi ò sì gbọ́ òjò."

Màmá mi jáde lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó gbé agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́ lẹ́bàá máìkì. Òjò dé. Nígbà tí mo fi gbohùngbohùn díẹ̀ kún un, òjò náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí ewé. Ìyá Alágbàfọ̀ ní erin wo ni kì í fi etí rẹ̀ fẹ́ra. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó gbé aṣọ ìbora tútù kan gòkè wá, ó ń jù ú sókè jù ú sílẹ̀: fàáà, fàáà. Omi ta sí gbogbo wa lójú.

"Ẹ rọra!" ni Màmá mi ń ké. "Kóòtù oníkóòtù!"

"Òjò ti pọ̀ jù," ni Ìyá Àgbà ń pàṣẹ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Erin la fẹ́ gbọ́, kì í ṣe ìkún omi. Alágbàfọ̀, etí erin ni mo ní kí o fì, mi ò ní kí o fọ̀ ọ́!"

Mo ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, níwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi, Kẹ́lẹ́! Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ èèrà ti pinnu pé òun á ṣí fèrèsé, pé ìyá òun á bínú ṣùgbọ́n ìyá òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú sínú òjò, mo rí i pé Ìyá Alágbàfọ̀ ti gbàgbé aṣọ ìbora lọ́wọ́. Omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ti ń pọ́n lójú fèrèsé nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì pé kó máa lọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀. Àwa mẹ́rin tẹjú mọ́ ìlà kékeré yẹn bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, nígbà tó sì dé ìparí, Màmá mi pàtẹ́wọ́, ó wá rántí pé òun ò tíì dáná.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì, mi ò lè jókòó, mi ò lè dìde. Fóònù Màmá mi dún nígbà tó ń wọn èjìká oníbàárà kan, abẹ́rẹ́ kún ẹnu rẹ̀. Èmi, mo ti wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìyá Àgbà ló gbé e.

"Hẹn," ó ní. Ó tẹ́tí. "Hẹn... Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀! Èwo nínú wọn? Ó dáa, ẹ gbé fóònù fún un." Ó tún tẹ́tí. Ojú rẹ̀ yí padà, mi ò lè sọ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín. "Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Mo máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ fèrèsé.

"Wọ́n ti pè... Ìyá Àgbà ní 'ẹ má sọ bẹ́ẹ̀'..."

"Wọn ò gbà á?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ní ọmọ kan nínú wọn... wọ́n ní nígbà tó gbọ́ erin yẹn... bóyá ẹ̀rù ló bà á..."

Mo di kọ́tìnnì mú. Màmá mi tu gbogbo abẹ́rẹ́ sọ́wọ́, ó yọrí sí fèrèsé, ó ní, "Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ aṣọ!" Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. "Màmá, kí ni wọ́n sọ gan-an? Ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò."

Ìyá Àgbà gbé fóònù lé orí itan. Kò yára. Ó fà mí jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú oníbàárà, mi ò sì sá.

"Olùkọ́ ní," ó ní, "'Àwọn ọmọ ti yan Kẹ́lẹ́. Kó máa múra ìtàn kejì sílẹ̀.' Lẹ́yìn náà ọmọ kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kékeré ni, ohùn rẹ̀ kò ju báyìí lọ."

Ó sọ ohùn rẹ̀ di ti ọmọdé, láì lo áàpù kankan.

"'Màmá, ẹ bá mi sọ fún erin yẹn kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ kan etí rẹ̀.'"